Kò Fẹ́ Ni, Àbí Kò Lè Ni? Èsì sí Àgbà Tó Bá Mi Wí Nítorí Ọmọ Mi



Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, kí a tó pa obì, bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún dìde, ó ní òun gbọ́ ohun kan tí òun kò fẹ́ gbà gbọ́. Ó ní babaláwo kan láàárín wa fa ọmọ bíbí inú rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú wèrè, nítorí pé ọmọ náà kì í jókòó. Ó ní bí ẹni tó ní ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ bá ń lọ bẹ dókítà pé kó bá òun wo ọmọ, kí ni a óò wá sọ fún àwọn tí ń pariwo pé Ifá kò rí nǹkan kan mọ́? Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Bàbá náà kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sì nílò láti dárúkọ, nítorí gbogbo ojú tó wà nínú yàrá náà ló yí sí ọ̀dọ̀ mi.

Èmi ni babaláwo náà. N kò fèsì lọ́jọ́ yẹn, nítorí n kò fẹ́ bá àgbà takò lójú agbo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní tèmi nìkan. Láti ọjọ́ ìpàdé yẹn, òbí mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ wa ti pè mí lórí fóònù, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé, pé ọmọ tiwọn náà rí bẹ́ẹ̀, pé ibo ni mo gbé tèmi lọ. Bí òbí bá ní láti wọ ìkọ̀kọ̀ kí ó tó lè béèrè ìtọ́jú fún ọmọ rẹ̀, ọwọ́ àwọn tó pàtẹ́wọ́ ni ẹ̀bi náà wà. Mo wá ń kọ èsì mi sílẹ̀, kò sì ní kúrú.

Ọmọ náà pé ọdún méje ní oṣù Èrèlé tó kọjá. Láti ìgbà tó ti mọ ẹsẹ̀ rìn ni kò ti rìn mọ́. Eré ló ń sá. Bí a bá gbé oúnjẹ sílẹ̀, òkèlè méjì ni yóò jẹ kí ó tó dìde, yóò yí àga po, yóò fi ọwọ́ ọbẹ̀ kan aṣọ ìyá rẹ̀, yóò tún lọ. Ní sáà ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, a ra pẹ́ńsù mọ́kànlá fún un. Kò sí èyí tó padà wálé. Bí a bá rán an pé kó lọ mú iyọ̀ wá láti yàrá, yóò dé yàrá, yóò bá ìbọ̀sẹ̀ níbẹ̀, yóò ká ìbọ̀sẹ̀ náà di bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ iyọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni olùkọ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé aláìgbọràn ni. Nígbà kan ó kọ ọ́ pé ọmọ náà nílò àdúrà. Ó mọ iṣẹ́ tí bàbá ọmọ náà ń ṣe, mo sì gbà pé ọ̀nà tó yàn láti fi bú mi nìyẹn.

Síbẹ̀, ọmọ yìí kan náà, bí mo bá ń kì Ifá lówùúrọ̀ tí ó ń gun ẹ̀yìn àga mi, yóò mú ohun tó gbọ́, yóò sì kì í padà fún mi lálẹ́ láìfo gbólóhùn kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. N óò padà sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo sá fún Ifá. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe ohun tí bàbá náà fẹ́ kí n ṣe. Nígbà àkọsẹ̀jayé rẹ̀, èmi kọ́ ni mo dá a, nítorí ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Olúwo mi ló dá a. A gbọ́ pé ọmọ náà ní ẹgbẹ́ lọ́run, pé kí a máa kẹ́ ẹ. A ṣe ìpèsè: ìrèké, àádùn, ẹ̀pà, oyin, èkuru, a gbé e lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. (Ọmọ náà ti jẹ ìdajì àádùn kí a tó débẹ̀.) N kò kábàámọ̀ ìpèsè náà, n óò sì tún un ṣe. Ohun tí mo kábàámọ̀ ni pé mo sọ ọ́ di ìdáhùn sí ìbéèrè tí ẹnì kankan nínú wa kò tíì béèrè. Gbogbo ìgbà tí ìyá ọmọ bá ní kí a mú un lọ fún àyẹ̀wò, èsì mi kò ju ọ̀kan lọ: "Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, bó bá dàgbà, yóò fi í sílẹ̀." Ó rọrùn láti sọ. Kò ná mi lówó, kò sì ná mi ní ìtìjú.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ọmọ náà ń bọ̀ láti ilé-ìwé pẹ̀lú ìyá-àgbà rẹ̀. Ó rí táyà kan tó ń yí lọ ní òdìkejì títì, ó já ọwọ́ gbà, ó sì kù gìrì sójú ọ̀nà. Ọlọ́kadà tó ń bọ̀ yí ọ̀kadà rẹ̀ sínú gọ́tà kí ó má baà gbá a. Apá ọlọ́kadà dá. Ọmọ tèmi kò fi ibì kan ṣèṣe. Ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ìyá-àgbà rẹ̀ tí ń wárìrì ni ibi tí táyà náà gbà. Mo gbé ọlọ́kadà lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń to eegun, mo san owó rẹ̀, mo ń lọ wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí apá fi san. Nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí babaláwo kan tó sọ pé mo tàbùkù Ifá nítorí pé n kò fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ to eegun. Apá dá, a gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ nípa apá. Èwo ni ti ọpọlọ ọmọ tó wá di àṣírí ẹgbẹ́?

Iṣẹ́ èdè ni mò ń ṣe ní yunifásítì. Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ náà ṣàlàyé ohun tí mo rí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ méjì yìí: *àìgbọràn* àti *àìlègbọràn*. Sílébù kan ṣoṣo ló yà wọ́n, *lè*. Ẹni tó ṣe àìgbọràn rí ọ̀nà, ó sì kọ̀ láti tọ̀ ọ́. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ àìlègbọràn ń wá ọ̀nà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò gbé e débẹ̀. Yorùbá kì í na arọ nítorí pé kò lè rìn, a kì í sì bá afọ́jú jà pé ó kọ̀ láti ríran. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá lè pa ọkàn pọ̀, a máa ń gba *lè* náà lọ́wọ́ rẹ̀, a ó fi *fẹ́* rọ́pò, lẹ́yìn náà a ó wá pàṣán. Ẹ ka àwọn orúkọ tí a ní fún un nílé àti nílé-ìwé: olóríkunkun, alágídí, aláìgbọràn, aláìnítìjú. Ọ̀kan nínú wọn kò ní *lè* nínú. Gbogbo wọn ló ti dá ọmọ lẹ́bi kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Tiwa ńkọ́? Ẹlẹ́gbẹ́, ẹmèrè, ẹlẹ́ẹ̀rẹ́. Bí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ bá tilẹ̀ jàre, ibi tí ọmọ ti wá ni orúkọ náà ń sọ. Kò sọ ohun tí ọmọ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, nínú kíláàsì tó ní ọgọ́ta ọmọ. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní ADHD, bí ó bá di dandan kí n fún un ní orúkọ ní èdè wa, *àìlèpọkànpọ̀-òun-àìlèfarabalẹ̀* ni n óò pè é, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ *lè* méjèèjì kúrò. Orúkọ náà gùn, mo mọ̀. Kí ẹni tó bá ní èyí tó kúrú mú un wá.

Bàbá wa yóò wá ní: ṣebí ọmọ náà ń kì Ifá láìfo gbólóhùn kan, ṣebí ó ń wo tẹlifíṣọ̀n fún wákàtí méjì láìmira, kí ni kò wá lè ṣe? Ìbéèrè náà dára. Òun gan-an ni mo gbé lọ bá dókítà, mo sì rò pé mo ti fi mú un. Ó ní ọkàn ọmọ náà kò ṣàìsí níbẹ̀. Ìjánu rẹ̀ ni kò sí lọ́wọ́ ọmọ. Ohun tó bá dùn mọ́ ọn, tó ń yí padà ní wéréwéré, yóò fa ọkàn náà lọ fúnra rẹ̀. Èyí tó bá sú ni, tó gba sùúrù, kò ní agbára tí yóò fi wọ́ ọkàn rẹ̀ lọ síbẹ̀, kí ó sì mú un dúró. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ fi máa ń rò pé ọmọ ń ṣe é mọ̀ọ́mọ̀: wọ́n ti rí ọjọ́ tó ṣe é dáadáa.

Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi nípa ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ níbẹ̀, pé wọ́n ń fi iná mànàmáná sí i lórí, pé wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ tí yóò sọ ọ́ di òkú òòró. Ohun tí ojú mi rí nìyí. Oṣù mẹ́rin ni a fi dúró kó tó kàn wá, nítorí dókítà ọpọlọ ọmọdé kò pọ̀. Nígbà tó kàn wá, dókítà náà kò fọwọ́ kan ọmọ fún bí wákàtí kan. Ó ń bi wá ní ìbéèrè, ó ń wò ó bí ó ṣe ń tú agbọ̀n ìdalẹ̀nù rẹ̀. Báwo ni oyún ṣe rí? Ṣé ọjọ́ pé? Ṣé ó ké lójú ẹsẹ̀ tí a bí i? Ṣé ibà apọ́njú mú un, ṣé gìrì gbé e rí? Ìgbà wo ló rìn, ìgbà wo ló sọ̀rọ̀? Ta ló tún rí bẹ́ẹ̀ nínú ìdílé? Bí ó ti béèrè ti ìkẹyìn yìí, ìyá mi, tó ti dákẹ́ láti òwúrọ̀, bú sẹ́rìn-ín, ó sì nawọ́ sí mi. Ó sọ fún dókítà pé nígbà tí mo wà ní ọdún méje, ọ̀já ni òun fi ń so mí mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kí n tó lè jẹun tán. Ẹni ogójì ọdún ó lé ni mí, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Dókítà kò yà lẹ́nu. Ó ní ìṣòro náà máa ń rìn nínú ìdílé gan-an.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun mìíràn tó lè jọ ọ́. Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, nítorí ọmọ tí kì í gbọ́ yóò jọ ọmọ tí kì í gbọ́ràn, èdè wa fúnra rẹ̀ kò sì jẹ́ kí méjèèjì jìnnà síra. Wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò. Wọ́n bi wá bóyá ó ń hanrun lóru, nítorí ọmọ tí kò sùn dáadáa kì í joyè farabalẹ̀ lójúmọmọ. Wọ́n bèèrè bóyá ó máa ń dákẹ́ lójijì, tí ojú rẹ̀ á dúró sójú kan fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá, nítorí gìrì kan wà tí kì í gbé ni ṣánlẹ̀, tí olùkọ́ yóò máa rò pé ọmọ ń lálàá ni. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bóyá ó tó. Wọ́n béèrè ibi tí a ń gbé àti bóyá ẹnì kan ń tún bátìrì ṣe nítòsí, nítorí òjé. Ẹ kò gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara ní 2010, nígbà tí òjé inú ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé, tó sì ba ọpọlọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù jẹ́. Wọ́n bi wá bóyá ìjà wà nílé, bóyá ẹnì kan kú, bóyá ẹnì kan ń lu ọmọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí lè sọ ọmọ di aláìfarabalẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ẹ sọ fún mi: mélòó nínú wọn ni àwa ń béèrè kí a tó dá owó ìpèsè lé òbí lórí? Èmi kò béèrè ọ̀kan rí. Ogún ọdún ni mo ti fi ń dá Ifá fún ènìyàn.

Ìwé ìbéèrè ló tẹ̀lé e, ọ̀kan fún òbí, ọ̀kan fún olùkọ́. Ìwà méjìdínlógún ni wọ́n ń wò, mẹ́sàn-án nípa àìlèpọkànpọ̀, mẹ́sàn-án nípa àìlèfarabalẹ̀ àti ìwàǹwára. Ó kéré tán, mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ìsọ̀rí kan gbọ́dọ̀ hàn lára ọmọ, kí ó ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kí ó ti wà fún oṣù mẹ́fà, kí àpẹẹrẹ rẹ̀ ti yọ kí ọmọ tó pé ọdún 12, kí ó hàn ní ibi méjì ó kéré tán, kí ó sì máa dí ọmọ lọ́wọ́ nínú ìgbésí ayé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilé-ìwé nìkan ló ti ń ṣe é, ó ṣeé ṣe kí ilé-ìwé ni a ó yẹ̀ wò. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kò sí àwòrán orí tí ń fi í hàn. Ẹni tó bá ní òun ní ẹ̀rọ tí yóò fi í hàn yín lójú ẹsẹ̀, owó yín ló ń wá. Ẹ má sì ṣe rò pé ọmọkùnrin tí ń gun ògiri nìkan ni. Ọmọbìnrin kan wà tó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn kíláàsì, tí ọkàn rẹ̀ ti lọ sí Ìsẹ́yìn kó tó padà. Irú rẹ̀ ni wọn kì í tètè rí, òdọ̀ ni wọ́n sì máa ń pè é.

Ibi tí mo ti bá àwọn dókítà jà nìyí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ìbéèrè náà. Ìyá mi ló ń wà pẹ̀lú ọmọ náà láti aago méjì títí a ó fi ti ibi iṣẹ́ dé, òun ló mọ̀ ọ́n jù, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni mo jókòó túmọ̀ ìwé náà fún un. A dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá ọmọ máa ń ṣe bí ẹni tí ẹ́ńjìnnì ń tì kiri. Mo túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyá mi wò mí. Ó ní, "Ẹ́ńjìnnì wo? Bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀ ló ń ṣe." Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ẹ̀ka Yorùbá ní gbogbo yunifásítì wa, tí a ń fi ọdún márùn-ún kọ ìwé lórí fónrán ìhun gbólóhùn, ibo ni a wà tí ìyá àgbà kò fi lè dáhùn ìbéèrè nípa ọmọ ọmọ rẹ̀ ní èdè tó fi tọ́ ọ? Mo fi ara mi kún un.

Àwọn kan yóò ní àrùn òyìnbó ni. Òótọ́ ni pé ní London, ní 1902, ni dókítà kan tí ń jẹ́ George Still ti ṣe àpèjúwe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2007, Adewuya àti Famuyiwa, ọmọ Nàìjíríà, tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, wọ́n sì bá a lára 8.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ wa ni àwọn wọ̀nyẹn. Àwọn kan yóò tún ní láyé àtijọ́, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á bá ọdẹ wọ igbó, á sì wúlò. Mo gbà. Inú igbó kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún wákàtí mẹ́fà. Ṣùgbọ́n a ti fi ọmọ sílé-ìwé, a kò sì ní mú un kúrò níbẹ̀. Àwọn tó sì bọ́ sínú kànga láyé àtijọ́ kò sí níbí láti sọ ìtàn tiwọn.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ bàbá wa ni bí ó ṣe fi dókítà àti babaláwo sí ojú ogun. Ta ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀? Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Àrò. Aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ nínú abúlé tó yí ilé-ìwòsàn ká, ó ń lọ gba ìtọ́jú, ó ń padà wálé jẹun. Lambo kó àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó bá wọn ṣiṣẹ́. Gbogbo ayé wá wò ó, òun náà sì di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Àwọn bàbá wa tó bá a ṣiṣẹ́ kò rò pé Ifá kéré sí i. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, àwa tí a ka ìwé jù wọ́n lọ wá ń tijú ẹnu ọ̀nà tí àwọn gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí yóò dun púpọ̀ nínú wa. Ní gbogbo ìgbà ni a ń fi àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣe yẹ̀yẹ́, pé wọ́n ń pe ọmọdé ní àjẹ́, wọ́n ń dè é mọ́lẹ̀, wọ́n ń gba owó ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ òbí. A jàre, ìwà ìkà ni. Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom tilẹ̀ ṣòfin ní 2008 pé ẹni tó bá pe ọmọ ní àjẹ́ yóò rí ẹ̀wọ̀n he. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá kan bá gbé ọmọ tí kò lè jókòó wá bá wa, tí a wò ó lójú kan, tí a ní ẹmèrè ni, tí a ka ohun ẹbọ fún un, tí a tún ní kó padà wá lóṣù mẹ́ta torí pé ẹgbẹ́ kò tíì gbà, kí ló yà wá sọ́tọ̀? Aṣọ ni. Mo mọ obìnrin kan tó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ fún ìpèsè kẹta. N kò sọ pé ọwọ́ mi mọ́. Mo ti gba irú owó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì mọ iye rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ń retí pé kí n ki ẹsẹ̀ Ifá kan níbí kí ẹnu àríyànjiyàn lè pa. N kò ní kì í. A ti fi ẹsẹ̀ Ifá bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀ tó. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa kò gba ẹsẹ̀ Ifá: kí babaláwo kankan má ṣe gba kọ́bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ọ̀run ọmọ tí kò farabalẹ̀, àyàfi bí òbí bá ti gbé e lọ fún àyẹ̀wò etí, ojú, ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ. Lẹ́yìn náà, bí Ifá bá ní kí a ṣe ìpèsè, kí a ṣe é, kí inú wa sì dùn. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sì ṣe sọ fún òbí pé kó dá oògùn dókítà dúró. Mo gbọ́ pé ẹnì kan ti ṣe é.

Nítorí oògùn, n kò ní purọ́ fún yín. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, ẹ̀kọ́ fún òbí ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi bẹ̀rẹ̀. Bí oògùn bá di dandan, èyí tí wọ́n ń lò jù ni methylphenidate, tí wọ́n ti ń lò láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ó lè dín ìfẹ́ oúnjẹ kù, ó lè dí oorun lọ́wọ́, nítorí náà wọ́n ní láti máa wọn ọmọ ní ìwọ̀n àti gíga, kí wọ́n máa wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Kì í ṣe oògùn tí ènìyàn ń rà lọ́wọ́ alágbàtà. Dókítà tó bá sì kọ ọ́ fún ọmọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìbá olùkọ́ sọ̀rọ̀, láìyẹ etí wò, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀. Òun àti babaláwo oníwàǹwára, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ọmọ tèmi kò tíì lo oògùn. Àwa òbí ni wọ́n ń kọ́. A kì í sọ fún un mọ́ pé kó mú iyọ̀, kó pa iná, kó ti ilẹ̀kùn. Iyọ̀ nìkan ni. Bó bá mú un dé, a ó yìn ín lójú ẹsẹ̀, kí a tó sọ ti iná. Olùkọ́ rẹ̀ tuntun gbé e wá síwájú, ó sì máa ń rán an lọ nu pátákó láàárín ẹ̀kọ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè rí nǹkan ṣe. Ní sáà yìí, pẹ́ńsù mẹ́rin ló ti sọnù. Ìyá rẹ̀ ń ka iye wọn.

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ bá mi wí, mo kúnlẹ̀. Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá sílé mi. A ó bọ Ifá, a ó jẹ iyán, ẹ ó sì sọ gbogbo èyí tó kù nínú yín fún mi lójúkojú. Ọmọ náà yóò wà níbẹ̀. Yóò kì yín ní oríkì yín, nítorí ó ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá dìde kí ẹ tó dá a lóhùn, ẹ má bínú sí i.